Ta Ló Ní Yorùbá Kò Lè Ṣe Ìṣirò Iná Mànàmáná?

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Òtu ní Òkè-Ògùn, tí í ṣe ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, níbi tí ìyá mi ti ń ṣe iṣẹ́ aránṣọ. Bí ó bá yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ físíìsì wọ inú ìwé tiwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé iṣẹ́ tiwa gan-an ni, a kàn fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ni.

Ní ìsinmi wa tó kọjá, mo bá àbúrò mi ọkùnrin níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá wa, ó gbé ìwé lé ẹsẹ̀, ó fajú ro. Kíláàsì àṣekágbá ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó ní òun fẹ́ fi físíìsì sílẹ̀ kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí mi ni kò gbà á." Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu, nítorí pé ọmọ yìí kan náà ni ó máa ń tú rédíò tó bàjẹ́ palẹ̀, tí yóò tún un tò, tí yóò sì tún sọ̀rọ̀.

Mo ní kí ó fi ìbéèrè tó dà á láàmú hàn mí. Bátìrì kan wà, vólítì 12 ni. Gílóòbù méjì ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ̀ọ́wọ́ lórí wáyà kan ṣoṣo. Ìdínà ọ̀kan jẹ́ óòmù 4, ti èkejì jẹ́ óòmù 2. Èwo ni yóò mọ́lẹ̀ jù? Àbúrò mi kọ ọ́ pé olóòmù 2 ni, nítorí pé òun ni kò dí iná lọ́nà púpọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ fa igi lé e. Mo bi í bóyá ó mọ òfin tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó kà á fún mi bí ọmọ awo tí ń ka ẹsẹ Ifá, V ni I lọ́nà R, P ni I lọ́nà V, kò sì ṣì í sọ níbì kankan. Ó mọ òfin lórí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òfin ń sọ.

Nígbà tí mo ní kí ó jẹ́ kí á jọ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá mà ni ẹ ń kà."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Kì í ṣe pé ó rí mi fín o. Ohun tó dùn mí ni pé èmi náà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ṣe físíìsì títí mo fi jáde ní girama. Nígbà tí ẹ̀kọ́ tí mo ń wá ní yunifásítì kò bọ́ sí i, tí wọ́n fún mi ní Yorùbá, ṣe ni mo pa ìwé físíìsì dé, mo rò pé àwọn méjèèjì kò lè jọ jókòó nínú yàrá kan. Láti ọdún náà ni mo ti ń kọ́ nípa oríkì, àrọ̀fọ̀ àti gbólóhùn, mo sì fẹ́ràn wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èdè tí mo ń kọ́ yìí lè gbé gílóòbù kan.

Mo ní kí àbúrò mi gbé gègé sílẹ̀, kí ó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ oníbodè. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé àwọn ni wọ́n máa ń dúró lẹ́nu ibodè láyé àtijọ́, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Mo ní, "Ó dára. Ká sọ pé bátìrì yìí ni oko. Àwọn alárù ń jáde láti oko náà, olúkúlùkù ru iṣu 12. Wọ́n á yí ìlú po, wọ́n á sì padà sí oko. Òfin oko ni pé alárù kankan kò gbọ́dọ̀ gbé iṣu kan ṣoṣo padà. Gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ tán sọ́wọ́ oníbodè lójú ọ̀nà."

Mo wá to orúkọ lé nǹkan. Iye iṣu tó wà lórí alárù kan, òun ni vólítì. Iye alárù tó ń kọjá lójú kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni áńpíà. Bí ẹnu ibodè ṣe há tó, òun ni óòmù. Iye iṣu tó ń bọ́ sọ́wọ́ oníbodè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni wáàtì, òun náà ni ó sì ń sọ bí gílóòbù yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó.

Nínú ìbéèrè rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà, ibodè méjì ni ó sì wà lójú ọ̀nà náà. Alárù tó bá kọjá ní ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọjá ní èkejì, nítorí pé kò lè fò, kò sì lè rì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, híhá ibodè méjèèjì ni yóò para pọ̀ dí wọn lọ́wọ́: 4 àti 2 jẹ́ 6. Bí a bá fi 6 pín 12, a rí 2. Alárù méjì ni yóò máa kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ibodè méjèèjì. Báwo ni wọn yóò ṣe pín iṣu 12? Bí ibodè kọ̀ọ̀kan bá ṣe há tó ni. Ibodè olóòmù 4 há ní ìlọ́po méjì èkejì, nítorí náà yóò gba iṣu 8, èkejì yóò gba 4. Alárù 2 lọ́nà iṣu 8 jẹ́ wáàtì 16. Alárù 2 lọ́nà iṣu 4 jẹ́ wáàtì 8.

Àbúrò mi fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná! Oníbodè tó le jù ni ó gba iṣu jù!"

Mo ní kò tíì tán. Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ká sọ pé ọ̀nà méjì ni ó ti oko jáde, ibodè kọ̀ọ̀kan wà lójú ọ̀nà tirẹ̀. Alárù tó bá gba ọ̀nà kan kò ní rí oníbodè kejì rárá. Ibodè kan ṣoṣo yẹn ni yóò já gbogbo iṣu 12 sí. Ní ọ̀nà olóòmù 4, alárù 3 ni yóò máa kọjá. 3 lọ́nà 12 jẹ́ wáàtì 36. Ní ọ̀nà olóòmù 2, alárù 6 ni yóò máa kọjá; 6 lọ́nà 12 jẹ́ wáàtì 72. Níbí yìí, gílóòbù tí àbúrò mi mú ni ó mọ́lẹ̀ jù. A jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ kò burú. Ìbéèrè mìíràn ni ó dáhùn. Ìwé rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n so wọ́n "in series", ṣùgbọ́n fíìmù alápá púpọ̀ ni òun mọ̀ tó ń jẹ́ "series", kò sì mọ ohun tí fíìmù ń wá nídìí bátìrì, ó bá fo ọ̀rọ̀ náà dá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìbéèrè náà dúró lé ni ọmọ yìí fò. Ṣé ti pé orí rẹ̀ kò gba físíìsì nìyẹn?

Mo mọ̀ pé àfiwé kì í jọ ohun tí a fi í wé tán. Iná kì í ṣe ènìyàn, kò sì ru iṣu. Bí a bá tan iná, gílóòbù kì í dúró de alárù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti bátìrì bọ̀, nítorí pé alárù ti kún gbogbo ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó sì gbà. Lẹ́yìn náà ni ó mú ìbéèrè márùn-ún mìíràn nínú ìwé rẹ̀, ó fi Yorùbá rò wọ́n, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wọ́n. Mẹ́rin ni ó gbà. Èkarùn-ún, ìṣirò ni ó ṣì, kì í ṣe òye.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, n kò ní kọ ọ́ sínú ìwé yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná dé, ìyá wa sì ki áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù bọ inú extension kan náà bí ó ti máa ń ṣe, wáyà rẹ̀ sì gba abẹ́ àkísà aṣọ kọjá. Àbúrò mi dojú kọ ọ́. Áyọ́ọ̀nù jẹ́ wáàtì 1,000, kẹ́tùlù jẹ́ wáàtì 2,000. Ó ní, "Iná ilé jẹ́ vólítì 230. Bí a bá fi 230 pín 3,000, ó lé díẹ̀ ní 13." Ó dojú extension náà dé, ó rí i pé wọ́n kọ áńpíà 10 sí ìdí rẹ̀. Ó fọwọ́ kan wáyà tó wà lábẹ́ àkísà, ó gbóná. Kò sí ẹni tó ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí extension yẹn rí nínú ilé wa, èmi tí mo kàwé jù náà kò kà á.

A ṣàlàyé fún ìyá wa pé bí alárù bá pọ̀ lójú ọ̀nà tóóró, ọ̀nà fúnra rẹ̀ á máa gbà lára iṣu wọn, ooru ni ó sì ń fi í ṣe. Pé bí alárù bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyá wa ní, "Háà, èmi rò pé bí ihò bá ti wà níbẹ̀, èèyàn lè ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ ni." Láti ọjọ́ náà, bí kẹ́tùlù bá wọlé, áyọ́ọ̀nù á jáde. Òun náà ni ó sì béèrè bí kádì iná tí òun ń rà ṣe ń tán. A ní yúníìtì kan ni wáàtì 1,000 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60, bí ó bá tàn fún wákàtí 10, ó jẹ yúníìtì 0.6, ti ìgbàlódé tó jẹ́ wáàtì 9 yóò jẹ 0.09. Ìyá mi kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá wa ṣe ìṣirò náà dé òpin, ó sì sọ iye owó tó wà níbẹ̀ kí èmi tó sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi sọ ọ́, ǹjẹ́ yóò dúró gbọ́ wa?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó tó. Wọ́n á ní "agbára" ni Yorùbá ń lò fún gbogbo nǹkan: agbára ni ti ẹni tó ń ti ọkọ̀, agbára ni ti bátìrì, agbára ni ti gílóòbù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé àwa nìkan ni ó ṣe? Ní 1847, nígbà tí Helmholtz, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, kọ ìwé olókìkí rẹ̀, "Kraft" ni ó pe ohun tí à ń pè ní "energy" lónìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún "force". Àwọn ará Jámánì kò torí èyí sọ èdè wọn nù. Wọ́n jókòó, wọ́n pín ọ̀rọ̀, wọ́n fi ààlà sí i. Ohm tí a fi orúkọ rẹ̀ pe óòmù, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Cologne ni, èdè Jámánì ni ó sì fi kọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1827. Ọmọ Faransé ni Ampère, ọmọ Ítálì ni Volta, ọmọ Scotland ni Watt. Orúkọ ènìyàn ni gbogbo wọn. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe yá orúkọ àlejò lò ni àwa náà lè yá a. Kò sí ìtìjú nínú vólítì àti óòmù.

Ní ti "agbára", a ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta nílẹ̀ tí a ń lò bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n: ipá, okun àti agbára. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí á fi ipá fún "force", kí á fi okun fún "energy", ohun tí à ń ná tí ó sì ń tán. Kí á fi agbára fún "power", iye okun tí à ń ná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àgbà lè ní kò rí bẹ́ẹ̀, n kò ní bínú. Ohun tí kò yẹ ni pé kí á má tilẹ̀ jókòó sọ ọ́. Ṣebí àwa náà ni à ń jẹ nínú irú iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́? Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ jáde ní 1984, àwọn onímọ̀ sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa fi kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tí a ṣe fún gírámà, kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún gílóòbù?

Àwọn mìíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò, nítorí náà à ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Kí wọ́n lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1989. Àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn.

Síbẹ̀, kí ni a fi ẹ̀rí yìí ṣe? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Lára ìdí tí Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò yìí náà. Ọmọ tó wọ ìwé kìíní nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà, ìwé kẹrin ni yóò wà nígbà tí wọ́n fagi lé e. Ta ni ó rí i nínú yàrá ìdánwò WAEC? Àbúrò mi tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní físíìsì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún náà ni ó sì fẹ́ lé e kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí á di ẹ̀bi ru ìjọba nìkan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ni àgbà ọjà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni wá. Bí ìjọba bá ní kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ìwé físíìsì wo ni a kọ sílẹ̀ tí olùkọ́ lè gbé wọ kíláàsì? Mẹ́ta ni àbá tèmi. Èkíní, kí díẹ̀ nínú wa fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá wọn ṣa ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń fi iná sínú ilé, àwọn tó ń tún rédíò ṣe àti àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ tí à ń wá kiri lè wà lẹ́nu wọn. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ físíìsì jókòó, kí á máa tẹ ìbéèrè mẹ́wàá àti ìdáhùn wọn ní Yorùbá sínú ìwé yìí lọ́dọọdún. Bí a bá ṣì í, kí wọ́n tún un ṣe fún wa. Ẹ̀kẹta, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá lọ sílé fún ìsinmi, kí ó jókòó ti àbúrò kan, ì báà jẹ́ wákàtí kan péré.

Àbúrò mi kò fi físíìsì sílẹ̀ mọ́. Kò tíì ṣe ìdánwò náà, nítorí náà n kò lè bá yín yọ̀ pé ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn: kí ni a ó máa pe "potential difference" ní Yorùbá, tí kò fi ní jẹ́ vólítì lásán? Mo sọ fún un pé n ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń kàwé. Ẹ̀yin ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín yìí o.